Hideyo Noguchi àti Ibà Pọ́njú

Ní Ìgbẹ́tì àti ní àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù, inú ìkòkò àti àmù ni àwọn ènìyàn ń tọ́jú omi sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn kan tí ń jẹni lójú ọ̀sán fẹ́ràn láti máa yé sí, ẹ̀fọn yìí ni ó sì ń gbé ibà pọ́njú láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ní ọdún 1987, ibà yìí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lónìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún fún ọmọ olóṣù mẹ́sàn-án ni ààbò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ yìí tó wà, ẹ̀mí àwọn olùwádìí mélòó kan ti bá a lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Hideyo Noguchi.

Abúlé àwọn àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Jàpáànì ni a bí i sí ní ọdún 1876. Ní kékeré ni ó ṣubú sínú iná ààrò, ọwọ́ rẹ̀ òsì sì jóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè di ọkọ́ mú. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ dá owó jọ, oníṣègùn kan sì fi ọ̀bẹ ya àwọn ìka náà. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti pinnu pé iṣẹ́ ìṣègùn ni òun yóò ṣe. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1900. Ní 1913, ó fi hàn pé kòkòrò àrùn ni ó ń ba ọpọlọ àwọn kan jẹ́, àwọn tí aráyé kà sí wèrè lásán, òkìkí rẹ̀ sì kàn yí ayé ká.

Ní 1918 ó lọ sí ilẹ̀ Ecuador, ó rí kòkòrò kan lára àwọn aláìsàn, ó sì kéde pé òun ni ó ń fa ibà pọ́njú. A ṣe abẹ́rẹ́ láti inú rẹ̀, a sì pín in káàkiri. Àṣìṣe gbáà ni. Àrùn mìíràn wà tí í máa sọ ojú di pípọ́n bákan náà, kòkòrò ti àrùn náà ni Noguchi rí.

Ní 1925, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi dán onírúurú ẹranko wò láìrí ohunkóhun mú. Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní ìlú Kpeve ní ilẹ̀ Gánà òde òní, wọ́n sì fi í sára ọ̀bọ tí a kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú. Ohun tí wọ́n rí kéré ju kòkòrò Noguchi lọ fíìfíì, kò sì sí kòkòrò tirẹ̀ níbẹ̀ rárá. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, kó ibà yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Noguchi ìbá ti jókòó sí New York kí ó máa fi ìwé jà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1927 ó gúnlẹ̀ sí Accra láti fi ojú ara rẹ̀ rí òtítọ́. Dókítà Young, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwádìí ibẹ̀, fún un láàyè. Ní oṣù karùn-ún 1928, lẹ́yìn tí ó ti Èkó dé, ibà náà dá a wó. Ó kú ní ọjọ́ 21, ní ẹni ọdún 51. Kí oṣù náà tó parí, Young náà kú.

Àwọn kan lè wí pé owó àti ọdún ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó tọ ipa ẹran dé ibi tí ipa náà parí ti fi hàn fún ẹlòmíràn pé kí ó má gba ibẹ̀ mọ́. Láti inú ohun tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti fi ọ̀pọ̀ sùúrù sin àrùn náà láti inú ẹran ara kan sí òmíràn, ní ìgbà tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, títí agbára rẹ̀ fi rọ tí kò lè pani mọ́. Abẹ́rẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ní 1937 ni à ń gún títí di òní. Asibi fúnra rẹ̀ gbádùn, kò kú.

Ní 1979, a fi orúkọ Noguchi sọ ilé ìwádìí ìṣègùn kan ní Yunifásítì Gánà, ní Legon. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí a ti ń yẹ ara àwọn ará Gánà wò.