Rebecca Lancefield, Obìnrin Tí Ó Mọ Ìdílé Kòkòrò

Ìyá tí ń ta ògì ní ọjà Ìsìkàn mọ̀ pé bí ògì bá ti sùn mọ́jú, yóò kan. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di kíkan. Àwọn ìbátan wọn kan wà tí à ń pè ní streptococcus: òmíràn nínú wọn a máa mú wàrà kan, òmíràn a sì máa wọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ènìyàn, a sì ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Bí a bá fi awò wò wọ́n, wọ́n jọra bí ìbejì tí ìyá wọn nìkan lè dá mọ̀.

Ẹni tí ó kọ́ wa bí a ti ń dá wọn mọ̀ ni Rebecca Craighill, ọmọ ọ̀gágun, tí a bí ní Staten Island, New York, ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, 1895. Ó jáde ní Wellesley College ní 1916, ó sì ṣe olùkọ́ ìṣirò fún ìgbà díẹ̀. Ní 1918 ó fẹ́ Donald Lancefield, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Rockefeller Institute lábẹ́ Oswald Avery àti Alphonse Dochez.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà nìyí. A ó fi òkú kòkòrò gún ehoro lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ehoro yóò sì pèsè ohun ìjà tí ó mọ kòkòrò náà dunjú. A ó wá po omi ẹ̀jẹ̀ yìí mọ́ oje tí a fà lára kòkòrò mìíràn. Bí ìdílé wọn bá ṣe ọ̀kan, nǹkan funfun yóò hù nínú ìgò bí ìkùukùu. Bí kò bá ṣe ọ̀kan, omi náà yóò mọ́ gaara.

Ní 1928, òun àti E. W. Todd kíyèsí agbo kòkòrò tí ó hù nínú àwo. Àwọn kan ṣú bàìbàì, àwọn kan ń dán, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kan náà lè bí irú méjèèjì. Àwọn tí ó ṣú bàìbàì ní purotéènì kan lára tí wọ́n pè ní M, àwọn ni wọ́n sì le fún eku. Àwọn tí ń dán ti sọ tiwọn nù.

Iṣẹ́ 1933 ni ó gbé orúkọ rẹ̀ ró. Ó fi ásíìdì gbígbóná fa oje lára àwọn kòkòrò náà, ó sì pín wọn sí A, B, C, D àti E. A wá láti ara àwọn ènìyàn tí ń ṣàìsàn, B láti ọ̀dọ̀ màlúù tí ọmú wọn wú, C láti ara àwọn ẹranko mìíràn, D láti inú wàràkàṣì, E láti inú wàrà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlòmíràn fi N fún àwọn tí ń mú wàrà kan.

Ẹ̀yin òbí, ìdílé A yìí ni ẹ níláti ṣọ́ra fún. Òun ni ó lè bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fun dídùn lásán, kí oríkèé ọmọ tó wú, kí ìlẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Bí dókítà bá tètè dá a mọ̀, penicillin ń pa á. Ìdílé B, tí ó dàbí ọ̀ràn màlúù nígbà náà, ni a wá mọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ó ń pa ọmọ tuntun.

Ọlá kò tètè dé. Ní 1961 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ American Association of Immunologists. Ó pé ẹni ọdún 75 kí National Academy of Sciences tó gbà á ní 1970. Kò fi yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1981. Lẹ́tà tí ó fún àwọn kòkòrò náà ni àwọn ilé àyẹ̀wò ṣì ń kọ sórí ìwé èsì títí di òní.