Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ìrìn-àjò Orúkọ Rẹ̀

  Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé yìí, àwòrán kan wà lára ògiri ibi tí a ti ń gbàdúrà òwúrọ̀: bàbá arúgbó kan nínú ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù, irun orí rẹ̀ ti funfun. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Samuel Àjàyí Crowther ni. A mọ̀ pé ẹrú ni kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù, a sì ti kọ ọ́ nínú ìdánwò lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè ni ibi tí ọmọ Òṣogùn ti rí orúkọ Crowther, àti ohun tí orúkọ náà ń sọ ní èdè àwọn tí ó ni ín.

Ìbéèrè yìí ti wá di ọ̀ranyàn fún wa nísinsin yìí. Nínú iṣẹ́ àlùfáà, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó máa ń wá bá wa pé orúkọ òyìnbó ni ìdílé àwọn ń jẹ́. Ṣé kí àwọn pa á tì ni, tàbí kí àwọn fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́? Àwọn kan ń tijú rẹ̀, wọ́n ní àmì ẹrú ni. Àwọn mìíràn ń fi í yangàn. A kò mọ ọ̀nà tí ó dára ju kí a sọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá inú àwòrán yẹn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí orúkọ tí ó jẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn Normandi gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1066, tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti owó-orí sì ń pọ̀ sí i, ó di dandan láti ya John kan sọ́tọ̀ kúrò lára John kejì. Wọ́n fi orúkọ bàbá kún ti ẹlòmíràn, wọ́n fi orúkọ ìlú kún ti ẹlòmíràn, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ pe àwọn mìíràn. Smith ni alágbẹ̀dẹ, Taylor ni aránṣọ, Cook ni alásè. Nígbà tí ó fi máa tó nǹkan bí ọdún 1400, orúkọ bẹ́ẹ̀ ti di ohun àjogúnbá fún ọ̀pọ̀ ìdílé, yálà ọmọ ń ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tàbí kò ṣe é.

Orúkọ iṣẹ́ ni Crowther. Àwọn ará Wales ní ohun èlò orin kan tí wọ́n ń pè ní crwth: igi tí a gbẹ́, tí a ta okùn sí lójú, tí a sì ń fi ọrun fà. Ẹni tí ó bá mọ gòjé yóò mọ irú ohun tí à ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn kan ni gòjé ní, tí crwth sì sábà máa ń ní mẹ́fà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ náà lò, wọ́n sì ń pe ẹni tí ó ń ta á ní Crowder tàbí Crowther. Orúkọ náà fìdí múlẹ̀ ní agbègbè tí ó bá Wales pààlà, ó sì gbilẹ̀ jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, ní agbègbè Halifax àti Huddersfield, níbi tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ. Ọ̀pọ̀ Crowther tí ó wà níbẹ̀ kò fọwọ́ kan okùn orin rí láyé wọn. Baba ńlá wọn ni ó ta á.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó ń jẹ́ Àyándélé lè máa ṣiṣẹ́ ní báńkì lónìí, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa pé ìdílé onílù ni ó ti wá. Ọdẹ́wálé lè má mọ bí a ti ń ki ìbọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn baba wa kì í fi orúkọ kan náà jogún láti ìran dé ìran. Oríkì orílẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jogún orúkọ náà ni Samuel Crowther kan, tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ Christ Church ní òpópónà Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ti Ẹgbẹ́ C.M.S., tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1799, lẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nípasẹ̀ Ẹgbẹ́ yìí ni orúkọ náà fi sọdá òkun.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ó dojú bolẹ̀ wá sáyé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní láti ronú orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn. Wọ́n mú ọmọdékùnrin náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra, wọ́n sì yà wọ́n nípá lójú ọ̀nà. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Nígbà kan, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, lẹ́yìn náà wọ́n sì dá a padà. Ó bẹ̀rù pé wọn yóò ta òun fún òyìnbó dé ibi pé ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Nígbẹ̀yìn, ó dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825, Alùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, orúkọ tí ó sì gbà ni ti àlùfáà Newgate nì: Samuel Crowther. Báyìí ni orúkọ onígòjé láti ilẹ̀ Wales ṣe bọ́ sí ọrùn ọmọ ahunṣọ láti Òṣogùn.

Kì í ṣe òun nìkan. Báyìí ni Johnson, Macaulay, Cole, Davies àti Williams ṣe di orúkọ àwọn ènìyàn wa. Àwọn kan gba orúkọ míṣọ́nnárì tàbí gómìnà. Àwọn ọlọ́rẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ máa ń sanwó ìtọ́jú ọmọ kan, kí a lè fi orúkọ wọn pe ọmọ náà. Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé sí Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì kó àwọn orúkọ náà bọ̀.

Ní ọdún 1826 wọ́n mú Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó fẹ́ Asano, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú tí a gbà sílẹ̀, tí a sì ti sọ di Susan ní ìrìbọmi. Ní ọdún 1841 ó bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya. Ní ọdún 1843, bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ àlùfáà, ní ọdún kan náà tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní oṣù Kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní Freetown ní èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí: ọkùnrin tí ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dúró níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ó fi èdè ìyá wọn bá wọn sọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ìlú tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ọlá.

Ní ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n mú ìyá rẹ̀, Àfàlà, wá bá a. Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ojú ti kan ojú kẹ́yìn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn títí, ọ̀rọ̀ kò lè jáde. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ìyá rí ohùn, ó di òun lọ́wọ́ mú, ó sì ń fi àwọn orúkọ àpọ́nlé tí ìyá òun àgbà fi ń pe òun nígbà èwe pe òun. Ìyá àgbà náà ti kú sóko ẹrú. Obìnrin yìí kò mọ Newgate, kò mọ Crowther. Orúkọ tí ó ti pa mọ́ sínú fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó fi dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, nítorí pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Ọmọ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ, orúkọ ọmọ ni ó sì bí ti ìyá.

Iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Ìtumọ̀ Ìwé sí àwọn ará Róòmù sí èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1850, odindi Bíbélì sì jáde ní ọdún 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀gákọ̀ Myrmidon tí ó gbà á lójú òkun ní ọdún 1822 wà láàyè, ó sì jókòó nínú ìjọ lọ́jọ́ náà. Láti Bonny dé Onitsha, títí dé Lọ́kọ́ja, Crowther àti àwọn òṣìṣẹ́ tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n gbin ìjọ sẹ́bàá Odò Ọya.

Ṣùgbọ́n orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á lọ́wọ́ àbùkù. Nígbà tí ó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé, wọ́n ń wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ nínú ìpàdé tí ó yẹ kí ó jẹ́ olórí rẹ̀. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, ó sùn nínú Olúwa ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ Dandeson, tí a fi orúkọ akọ̀wé C.M.S. sọ, ni ó dúró ṣinṣin pẹ̀lú àwọn ìjọ Delta, tí wọ́n fi dá dúró ní ọdún 1892. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, ni aya Thomas Babington Macaulay tí ó dá ilé-ìwé girama ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Herbert Macaulay tí ó jà fún òmìnira wa ni ọmọ wọn. Ẹ wo bí orúkọ òyìnbó ṣe di orúkọ ẹni tí ó ń bá ìjọba òyìnbó jà!

Ní àkókò kan náà, àwọn mìíràn yan ọ̀nà tiwọn. David Brown Vincent, àlùfáà Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1894, ó sì di Mọ́jọlá Agbébì. A kò rí ẹni tí ó lè sọ pé Agbébì kì í ṣe Kristẹni tòótọ́, tàbí pé Crowther kì í ṣe ọmọ Yorùbá tòótọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kì í ṣe kí wọ́n yí orúkọ padà tàbí kí wọ́n má yí i padà. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni ìyẹn, kí wọ́n jókòó bá àwọn àgbà wọn sọ ọ́. Ohun tí a bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n mọ ìtàn méjèèjì: ti orúkọ tí wọ́n gbà, àti ti ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀. Onígòjé kan ni ó kọ́kọ́ jẹ́ Crowther. Bí àwa ti ń gbọ́ orúkọ náà lónìí, a kò ronú kan gòjé. Ẹni tí ó fún wa ní Bíbélì ni ọkàn wa ń lọ bá. Ẹni tí ó jẹ́ orúkọ ni ó fún un ní ìtumọ̀ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan kí a tó fi gègé sílẹ̀. Orúkọ òyìnbó ni àwa náà ń jẹ́, láti ọ̀dọ̀ bàbá wa àgbà tí ó gbà á nígbà ìrìbọmi. A lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, a kọ́ Gíríìkì àti Hébérù, a sì lè ka ìran Dáfídì lórí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ni ó mọ oríkì orílẹ̀ wa dé òpin. Ọdọọdún ni à ń sọ pé a óò lọ jókòó tì í láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí a fi máa lọ, ìsìnkú ni a bá.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣì wà láàyè nílé yín, ẹ rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìsinmi yìí, kí ó mú bírò àti ìwé lọ́wọ́. Kí Olúwa tí ó mọ olúkúlùkù wa ní orúkọ kí ó bùkún ilé-ìwé wa. Àmín.