Àyìndé Bákàrè àti Gìtá Onígi

Ẹ̀yin ọmọ Pobè àti Sakété, ṣé ẹ ti rí gìtá àtijọ́ rí? Igi ni wọ́n fi ṣe é. Inú rẹ̀ ṣófo bí inú akèrègbè. Ọ̀dà ara rẹ̀ lè ti bó, síbẹ̀ ẹni tó ni ín kì í fẹ́ tà á. Ìtàn ọkùnrin kan tó ta irú gìtá bẹ́ẹ̀ nìyí.

Àyìndé Bákàrè ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1912, ṣùgbọ́n ará Ìlọrin ni bàbá rẹ̀. Èkó kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gba Sakété kọjá ẹnubodè lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olórin jùjú ṣeré. Ẹgbẹ́ jùjú ìgbà náà kò tóbi: èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni. Ọ̀kan ń ta bánjò, ọ̀kan ń lu ìlù pẹlẹbẹ kékeré, ọ̀kan sì ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bánjò ni Bákàrè ń ta. Okùn mẹ́rin ló ní, awọ ni wọ́n sì fi bo ojú rẹ̀ bíi ti ìlù.

Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ His Master's Voice bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin rẹ̀ sínú àwo. Àwòrán ajá kan tó ń tẹ́tí sí giramafóònù ni àmì ilé iṣẹ́ náà. Àwo ìgbà náà dúdú, ó wúwo. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó fọ́ nìyẹn! Ìdí nìyí tí èyí tó ṣẹ́ kù lónìí fi ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tó yá, Bákàrè fi bánjò sílẹ̀, ó mú gìtá. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Ohùn gìtá onígi kò ròkè. Nínú yàrá, ó dùn. Lóde ìnáwó ńkọ́, níbi tí ọmọdé ti ń sáré, tí àwọn ìyá ń pín oúnjẹ, tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀? Bí gángan bá dún lẹ́ẹ̀kan péré, gìtá ti wọlé lọ sùn. Ṣé kí wọ́n lé onílù lọ ni? Àbí kí wọ́n gbé gìtá jù sílẹ̀?

Ní ọdún 1949, Bákàrè rí ọgbọ́n dá sí i. Kò ju gìtá onígi nù. Ó so makirofóònù kékeré kan mọ́ ara rẹ̀. Wáyà gbé ohùn náà lọ sínú gbohùngbohùn. Bó ṣe fọwọ́ kan okùn gìtá báyìí, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. Òun ni olórin jùjú àkọ́kọ́ tó fi iná mọ̀nàmọ́ná gbé ohùn gìtá sókè. Onílù wá pọ̀ sí i nínú orin jùjú, gángan náà wọlé, gìtá kò sì bẹ̀rù wọn mọ́.

Meranda ni orúkọ ẹgbẹ́ Bákàrè. Ó ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní ọdún 1972.

Lónìí, àwọn kan ń wá gìtá àtijọ́ kiri, wọ́n ń kó o jọ. Gìtá tuntun wà lọ́jà, ó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí ọwọ́ olórin ti jẹ lára igi ni àwọn yìí ń wò. Wọ́n á nu eruku rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n á fi okùn tuntun rọ́pò èyí tó já. Bí wọ́n bá ní àwo Bákàrè kan, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n á máa ta gìtá náà tẹ̀ lé e, títí ohùn méjèèjì yóò fi jọra.