Henry Townsend àti Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n To Lẹ́tà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ó gbé mi dé ìdí ìtàn yìí. Ní ọdún tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìròyìn, olùkọ́ wa pín wa ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó ní kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gbé ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan kalẹ̀, láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn. Àwa mẹ́rin tí wọ́n pín pọ̀ jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí àwòrán tí yóò wà níwájú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi jà. Ẹnì kan fẹ́ ìlù, ẹnì kan fẹ́ adé, èmi fẹ́ ère Ifẹ̀. Nígbà tí a gbé iṣẹ́ wa dé iwájú olùkọ́, kò tilẹ̀ wo ère náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó bi wá ni ẹni tí yóò ka ìwé náà, iye tí olúwarẹ̀ yóò fi rà á, àti ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. A dákẹ́ bí ẹni tí omi wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí a lọ wádìí bí Henry Townsend ṣe ṣe tirẹ̀ kí a tó padà wá.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ orúkọ Townsend rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé òun ni ó dá ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, a sì kọ ọ́ sórí bí a ti ń kọ ìṣirò sórí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ṣe tẹ iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tí ó sọ ìyẹn fún wa.

A bí Townsend ní 1815 ní ìlú Exeter, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àlùfáà ni ó kọ́kọ́ jẹ́, tíṣà ni. Ní 1836, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré, ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán an lọ sí Sàró kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé àwọn ènìyàn wa. Àwọn Yorùbá tí a ti tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, kún Sàró bámúbámú nígbà náà. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí 1839, àárò ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n sì ń wọkọ̀ padà bọ̀ wá sí Bàdágìrì àti Èkó, láti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Bí wọ́n ti ń délé ni wọ́n ń ránṣẹ́ padà pé kí àwọn oníwàásù tẹ̀lé àwọn.

Townsend ni C.M.S. rán kí ó lọ wo bí ilẹ̀ náà ti rí. Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti di onígbàgbọ́ ní Sàró, ń bẹ lára àwọn tí ó bá a lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1843 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀. Kí a má parọ́, òun kọ́ ni òyìnbó oníwàásù tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ nínú oṣù wọ̀nyẹn: Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wẹ́sílì ti ṣíwájú rẹ̀ dé ní ìparí 1842, baba Freeman sì jẹ́ ènìyàn dúdú. Townsend padà sí Ìlú Ọba, wọ́n fi joyè àlùfáà ní 1844, ó sì tún gbéra. Ní oṣù kìíní 1845, òun àti Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì. Àṣé ikú ti ń bọ̀ lọ́nà: Ṣódẹkẹ́ tí ó pè wọ́n kú lákòókò náà gan-an, ọ̀nà sì dí. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi wà ní Bàdágìrì kí Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta ní 1846.

N kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ ìwàásù àti ilé ìjọsìn gùn. Àwọn mìíràn ti kọ ọ́ kún inú ìwé. Ọdún 1854 ni mo ń sáré lọ. Ọdún yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké, Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, Townsend sì wà lára àwọn tí ó fẹ́ kí oyè náà padà sípò. Ọdún yẹn náà ni ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ nínú ọgbà ìjọ, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Ibí yìí ni ojú tì mí. Ọdún 1854 ni ẹ̀rọ dé. Ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn tó jáde. Ọdún márùn-ún! Kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe láàárín ọdún márùn-ún, nígbà tí àwa fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe tiwa? Ó ń ṣe òǹkàwé, ó sì ń ṣe òǹtẹ̀wé. Ìwé tí ilé-ìwé àti ìjọ ń lò ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń tẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó ń kà wọ́n ń dàgbà, àwọn ọmọ tí ó ń tẹ̀ wọ́n ń mọṣẹ́.

Ẹ má sì fojú kékeré wo iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ti dé ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ rí yóò mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé òjé kékeré, tí a yà sọ́tọ̀ sínú àpótí oníyàrá púpọ̀, a ní yàrá ti rẹ̀, b ní ti rẹ̀. Atolẹ́tà yóò máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò máa tò wọ́n sínú irin pẹlẹbẹ tí ó mú lọ́wọ́, ojú lẹ́tà yóò sì yí padà bí ojú ẹni nínú dígí, nítorí pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni yóò tó tọ́. Bí ìlà bá kún, yóò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí ojú-ewé bá pé, wọn yóò dè é pinpin, wọn yóò fi tàdáwà pa á, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, iṣẹ́ kò tíì parí: wọ́n ní láti tú gbogbo òjé náà, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n dá oníkálùkù padà sí yàrá rẹ̀, kí wọ́n lè rí lẹ́tà fi ṣe ti ọjọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá ju e sínú yàrá o ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nínú èdè Yorùbá ni wọ́n sì ti ń ṣe gbogbo èyí, nígbà tí kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe kò ju 1843 lọ. Ìpàdé tí àwọn ìjọ ṣe ní Èkó láti fẹnu kò lórí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ ṣì ku ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé, nítorí pé 1875 ni wọ́n ṣe é. Àwa tí a ń bá ara wa jà lónìí lórí àmì ohùn, kí á ro ti àwọn ọmọ yẹn.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 1859, ó jáde: Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Kò ní àwòrán kankan. Ojú-ewé rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì láti òkè dé ilẹ̀, lẹ́tà nìkan ni ó kún un. Kí ni ó fà á tí ó fi pín in sí méjì? Èrò tèmi ni pé ìlà kúkúrú rọrùn fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ láti tò, ó sì rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà láti fi ojú tọ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń rà á. Owó tí ó wà lápò àwọn ará ọjà ni, kì í ṣe ṣílè òyìnbó. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń jáde. Nígbà tí mo rí i báyìí ni mo mọ̀ pé olùkọ́ wa kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Townsend ti dáhùn kí ó tó to lẹ́tà kan. Ohun tí ó sì ń wá, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ni pé kí kíkàwé mọ́ àwọn ènìyàn náà lára, kí wọ́n lè máa fi í wá ìmọ̀.

Ìròyìn inú rẹ̀ kò ju ti ìlú lọ ní ìbẹ̀rẹ̀: àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún, àwọn tí ó kú, oníwàásù tí ó dé àti èyí tí ó lọ, ibi tí Aláké yọjú sí. Ní oṣù kẹta 1860 wọ́n fi apá Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ìròyìn ọjà wọlé, ti òwú pàápàá, nítorí pé òwú Abẹ́òkúta ń lọ sí Manchester nígbà náà. Ìpolówó ọjà náà sì wọlé.

Ogun náà wọlé. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ìbàdàn dojú kọ Ìjàyè, Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ìwé ìròyìn tí ó wà fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá wá rí i pé àwọn ará náà ti ń pa ara wọn. Ti Ẹ̀gbá ni Townsend ṣe. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, tí gómìnà Èkó àti àwọn Ẹ̀gbá ń fa wàhálà lórí ọ̀nà àti òwò, ó tún gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá nínú ìwé rẹ̀, inú gómìnà kò sì dùn sí i rárá. Òyìnbó tí ń bá ìjọba òyìnbó jà nítorí ìlú tí ó gbà á lálejò: n kò lè fi èyí du ú.

Ṣùgbọ́n apá kan ń bẹ nínú ìwà rẹ̀ tí kò yẹ kí a fi aṣọ bò. Nígbà tí C.M.S. bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò láti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Townsend ni ó ṣíwájú àwọn tí ó lòdì sí i. Láti 1851 ni ó ti kọ̀wé takò ó, tí àwọn oníwàásù òyìnbó mìíràn fọwọ́ sí i. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ibí kò ní bọ̀wọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù dúdú, àti pé kò yẹ kí òyìnbó wà lábẹ́ rẹ̀. Crowther tí wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì! Crowther tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ yẹn ń tò! Wọ́n padà fi Crowther joyè ní 1864, wọn kò sì fi àwọn òyìnbó tí ó wà ní Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìbàdàn sábẹ́ rẹ̀. Townsend gbà pé ọmọ Yorùbá lè mọ iṣẹ́ òyìnbó débi pé kí ó tẹ ìwé ìròyìn jáde. Pé kí ọmọ Yorùbá di ọ̀gá òun, ìyẹn ni kò gbà.

Ìwé ìròyìn náà kò pẹ́ láyé. Ní 1865 àwọn ọmọ ogun Glover láti Èkó lé Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú tí wọ́n ti dó tì. Ìbínú kún ìlú, ó sì dà bíi pé òyìnbó èkó àti òyìnbó ìjọ ọ̀kan náà ni. Ní oṣù Kẹwàá 1867 ó bú jáde. Wọ́n wó ilé ìjọsìn, wọ́n kó ẹrù àwọn oníwàásù, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pè é títí di òní. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sì bá wọn sá lọ sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ìwé Ìròhìn kò jáde mọ́ láéláé. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, ní 1888, ni Andrew Thomas gbé Ìwé Ìròhìn Èkó jáde ní Èkó.

Townsend fẹ̀yìn tì ní 1876, ó padà sí Ìlú Ọba, ó sì kú síbẹ̀ ní 1886. Orúkọ rẹ̀ kò parun. Orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n to lẹ́tà, tí wọ́n fọ òjé, tí tàdáwà kò kúrò ní èékánná wọn fún ọdún mẹ́jọ, kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa.

Àwa mẹ́rin tún iṣẹ́ wa ṣe. A yọ ère Ifẹ̀ kúrò, a dín ojú-ewé kù sí mẹ́jọ, a lọ bi àwọn ọmọ ilé wa léèrè iye tí wọ́n lè fún wa lórí rẹ̀ kí a tó dá owó lé e. Ní ojú-ewé tí ó gbẹ̀yìn, níbi tí a ti fẹ́ fi àwòrán ara wa sí tẹ́lẹ̀, a kọ orúkọ àwọn ọkùnrin méjì àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan tí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́.