Orlando Martins: Ọmọ Èkó Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé

Ohun ìtìjú ni fún ìlú tí ó bá ń ka oríkì akọni ìlú mìíràn láìṣì, ṣùgbọ́n tí kò mọ orúkọ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bí. A kò fi ọ̀rọ̀ yìí bú ẹnikẹ́ni. Ara wa ni a kọ́kọ́ fi bá wí, nítorí pé àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn pín nínú ẹ̀bi náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, a gba Ajégúnlẹ̀ kọjá, ní agbègbè Boundary, a sì bá àwọn àgbà mélòó kan tí wọ́n jókòó níwájú ilé tí wọ́n ń gba atẹ́gùn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ti fi ìgbà èwe wọn ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Ọ̀rọ̀ sinimá àtijọ́ ni ó wà lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ nípa John Wayne lórí ẹṣin, wọ́n sọ nípa Gary Cooper àti Humphrey Bogart. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé wọn kò dúró lórí àwọn olú ẹ̀dá-ìtàn, àwọn tí ọmọdé ayé ìgbà náà ń pè ní ákítọ̀, tí ìbọn kì í pa. Wọ́n mọ àwọn òṣèré tí orúkọ wọn kì í wà ní òkè pátákó, ṣùgbọ́n tí eré kò lè dùn bí wọn kò bá sí níbẹ̀. Wọ́n mọ Peter Lorre pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí ó tóbi. Wọ́n mọ Walter Brennan, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Oscar lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ipa kejì tí ó ń kó lẹ́yìn olú ẹ̀dá-ìtàn.

Inú wa dùn láti gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò gbọ́ orúkọ ọmọ Èkó kan tí ó wà láàrin irú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀, tí ó bá àwọn gbajúmọ̀ Hollywood ṣe eré lójúkojú. Nígbà tí a dárúkọ rẹ̀ fún wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó rántí ojú ọkùnrin náà. Orúkọ rẹ̀ ti sọnù lọ́kàn òun pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé Orlando Martins lónìí.

A bí i ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1899, ní òpópónà Òkè-Súnà ní erékùṣù Èkó. Ìdílé baba rẹ̀ jẹ́ ti àwọn Àgùdà, àwọn tí ìran wọn ti Bràsíìlì padà wá sí ilẹ̀ baba wọn, tí wọ́n sì mú orúkọ bí i Martins, Da Silva àti Pereira wọ Èkó. Ó wọ ilé-ìwé Eko Boys' High School, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1913, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ọkàn ọmọdékùnrin náà sì fà sí òkun. Ó bá ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn ará Àpápá yóò lóye ìpín yìí nínú ìtàn náà ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn tí Martins ti lọ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èbúté ńlá sí Àpápá ní àwọn ọdún 1920. Láti ìgbà náà, mélòó ni ọmọ tí kò ti ibẹ̀ bá ọkọ̀ lọ, tí ìyá rẹ̀ kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́? Ọ̀nà òkun kan náà ni àwọn ìdì fíìmù gbà wọ̀lú, tí àwọn ọmọ wa fi mọ Hollywood kí wọ́n tó mọ Ìbàdàn. Bí ayé ti ń wọlé tọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń jáde tọ ayé lọ.

Nígbà tí ogun parí, Martins tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí iṣẹ́ tí kò ṣe tán. Ó ru ẹrù, ó ṣọ́de òru, ó ja ìjàkadì fún owó, ó sì bá àwọn eléré sákọ́ọ̀sì rìn, níbi tí ó ti ń fi ejò dárà fún àwọn òǹwòran. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bí ìlù ìyáàlù. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àwọn onítíátà rí lára rẹ̀ tí wọ́n fi pè é. Ní àwọn ọdún 1920 ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú sinimá tí kò ní ohùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń kọjá lẹ́yìn. Ó tún wà láàrin àwọn agberin nínú eré olórin Show Boat ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọdún 1935 ni fíìmù Sanders of the River jáde. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà ni ìtàn náà ní òun ń sọ. Ṣùgbọ́n ní Shepperton, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n kọ́ abúlé tí àwọn òṣèré ti ṣe púpọ̀ nínú eré náà sí. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ìlú èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ atukọ̀ àti alárù, ni wọ́n kó wá ṣe ará abúlé. Jomo Kenyatta, tí ó di Ààrẹ ilẹ̀ Kẹ́ńyà nígbẹ̀yìn, wà nínú wọn. Paul Robeson, olórin ńlá láti Amẹ́ríkà, ni olórí àwọn òṣèré dúdú, Martins sì kó ipa tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n to fíìmù náà pọ̀ tán, ìyìn fún ìjọba amúnisìn ni ó dà. Òyìnbó kan ṣoṣo ni ó ní làákàyè nínú rẹ̀, àwọn dúdú sì dàbí ọmọdé tí kò lè dá rìn. Robeson bínú gidigidi, ó sì kábàámọ̀ fíìmù náà ní gbangba.

Níhìn-ín ni ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wí pé irú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀ ta iyì ìran wọn nítorí oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n a ka àwọn ipa tí Martins kó sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: ìránṣẹ́, olórí abúlé, oníṣègùn tí ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi kan Hattie McDaniel ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar, ní ọdún 1940, fún ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó kó nínú Gone with the Wind. Àwọn mìíràn sì wí pé kí ni wọn ì bá ṣe? Bí wọ́n bá kọ̀, òyìnbó ni ì bá fi ẹ̀dú kun ojú kó ipa náà.

Àwa kò lè dá ẹjọ́ yìí láìwo gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, C. L. R. James, ọmọ Trinidad, gbé eré kan tí ó kọ nípa Toussaint Louverture sórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn àwọn ẹrú Haiti ni, àwọn tí wọ́n já ẹ̀wọ̀n ọrùn wọn, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn Faransé. Robeson ni Toussaint. Martins ni Boukman, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìṣọ̀tẹ̀ náà dìde. Kò ju ọdún kan lọ láti ìgbà tí ó ti ṣe abẹ́ òyìnbó nínú Sanders. Ọkùnrin kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó mú kálàmù lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, okìkí rẹ̀ kàn sí i. Nínú Men of Two Worlds, ní ọdún 1946, ó jẹ́ Magole, oníṣègùn tí kò fẹ́ kí àwọn ará abúlé rẹ̀ ní Tanganyika ṣí kúrò níbi tí àìsàn oorun ti ń pa wọ́n. Ipa tí a kọ láti fi tàbùkù ìṣègùn ìbílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí Martins fi wọ̀ ọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi Magole rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ó yá ni The Hasty Heart dé. Ó kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, a sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1949. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí àwọn baba wa pẹ̀lú ti jagun. Richard Todd ni ọmọ ogun Scotland tí ikú ń bọ̀ wá bá. Ronald Reagan ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà lórí ibùsùn nítòsí rẹ̀. Martins ni Blossom, ọmọ ogun Áfíríkà tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ní ju orúkọ ara rẹ̀ lọ láti sọ. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ bí ó ti ṣòro tó láti kọ́ ọmọ láìsọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí fi ojú, ejìká àti ẹ̀rín ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè fi ìwé odindi ṣe. A kò rí ẹni tí ó wo fíìmù náà tí ó gbàgbé Blossom.

Láti ìgbà náà, kò sí gbajúmọ̀ tí kò bá ṣiṣẹ́ tán. Ó wà nínú The Nun's Story pẹ̀lú Audrey Hepburn ní 1959, ó wà nínú Sammy Going South pẹ̀lú Edward G. Robinson ní 1963, ó sì wà nínú Mister Moses pẹ̀lú Robert Mitchum ní 1965. Síbẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni ó máa ń wà lókè, tirẹ̀ a sì wà nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìparí rẹ̀. Ó padà sí Èkó, ìlú tí wọ́n gbé bí i. Nígbà tí Francis Oládélé dá ilé-iṣẹ́ fíìmù Calpenny sílẹ̀, tí wọ́n sì sọ eré Wọlé Ṣóyínká, Kongi's Harvest, di fíìmù ní ọdún 1970, Martins wà nínú rẹ̀, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní 1971 ó tún wà nínú fíìmù tí wọ́n fi ìwé Chinua Achebe ṣe, ó sì jẹ́ Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo, ẹni tí ó ní òye jù nínú ìtàn náà. Láti orí ará abúlé tí òyìnbó ń pàṣẹ fún, ó dé orí àgbà tí ń fi ọgbọ́n wo ohun tí òyìnbó ṣe sí abúlé. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ìrìn náà gbà á.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985. Ní ọjọ́ náà, Reagan tí wọ́n jọ dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn kan náà nínú fíìmù ni Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé mọ ọ̀kan. Èkejì ni àwọn àgbà Ajégúnlẹ̀ kò lè dárúkọ.

Ẹjọ́ wa nìyí. A kò dá Martins lẹ́bi. Ẹni tí ó ni kálàmù tí ó sì ni owó ni ó ń pín ipa fún òṣèré, ìgbàkígbà tí kálàmù náà bá sì bọ́ sí ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ni ọkùnrin yìí ti dìde tí ó sì dúró ṣánṣán. Ẹ̀bi tí ó wà níbẹ̀, ti àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn ni, bí a bá ṣì ń dúró de àlejò kí ó wá sọ ìtàn wa fún wa. Òmìnira tí a gbà ní 1960 kò pé bí ẹlòmíràn bá ṣì ni ojú tí àwọn ọmọ wa fi ń wo ara wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ orúkọ Orlando Martins sí ara pátákó. Takiu Folami ti kọ ìwé lórí ìgbésí ayé rẹ̀ láti ọdún 1983, ẹ wá a kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìṣèlú, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè pé níbo ni gbọ̀ngàn tí ọmọ tálákà lè ti kọ́ eré ṣíṣe wà. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá àtijọ́ ní Èkó ni ó ti di ilé ìkẹ́rùsí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn kò tán ní àdúgbò wa. Ajégúnlẹ̀ tí àwọn kan ń kẹ́gàn ni ó bí Daddy Showkey àti ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí ayé mọ̀.

Ẹ̀yin baba wa ní Boundary, a kò ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ John Wayne mọ́. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé, ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, nígbà tí àwọn ọmọ bá yí yín ká, kí ẹ fi orúkọ kan kún un. Ajé tí ó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa kì í ṣe ẹrù inú ọkọ̀ nìkan.