Gbèsè Ọpẹ́ tí a jẹ Fádà Francis Aupiais (1877–1945)

Nígbà tí ìjọ kan bá ń ṣe Jùbílì, ìwé ìrántí rẹ̀ a máa kún fún orúkọ: orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́ ilé ìsìn, orúkọ àwọn tí wọ́n ra agogo, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n dá owó jọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Olúwa kan wà tí a kì í rí orúkọ wọn nínú irú ìwé báyìí, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò ṣeé fi ọwọ́ kàn bí ògiri. Ọ̀kan nínú wọn ni Fádà Francis Aupiais. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kùtọ́nù mọ orúkọ náà, nítorí pé ó wà lára pátákó kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó ṣe, mélòó nínú wọn ni yóò lè dáhùn? Èmi pàápàá ti dàgbà kí n tó mọ̀ ọ́n.

Saint-Père-en-Retz, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni a bí i sí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1877. Ìlú náà kò jìnnà sí Nantes. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò rántí pé láti èbúté Nantes ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra láyé àtijọ́, tí wọ́n ń bọ̀ wá sí etíkun wa láti ra ènìyàn. Láti agbègbè kan náà ni Ọlọ́run ti mú ọmọkùnrin yìí jáde, ẹni tí yóò fi ayé rẹ̀ jà kí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ lè ka ọmọ adúláwọ̀ sí ènìyàn. Ó wọ Ẹgbẹ́ àwọn Míṣọ́nnárì Áfíríkà, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1856. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1902, nígbà tí ó sì di ọdún 1903, ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Dàhòmì.

Iṣẹ́ Ìhìnrere ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún nígbà náà, nítorí ọdún 1864 ni ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ó bá nínú ìjọ kì í ṣe irú ènìyàn kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ìlú tí ń sọ èdè Gùn wà níbẹ̀, àwọn Yorùbá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí baba wọn ti ṣe ẹrú ní Bàhíà, tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú orúkọ Potogí àti ẹ̀sìn Kátólíìkì. Ní Àjàṣẹ́ yìí ni Fádà Aupiais lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún tí ó lò lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ó sì di olùkọ́ tí àwọn ọmọ tí ó kọ́ kò gbàgbé títí wọ́n fi darúgbó.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé, bí ó ti ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń kọ́. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà, àti àlùfáà pàápàá láàrin wọn, gbà pé òkùnkùn biribiri ni gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀ kí àwọn tó dé. Wọn kò rí ohun kan níbẹ̀ tí ó yẹ kí a bi àgbà léèrè. Fádà Aupiais náà gbà pé Krístì ni ìmọ́lẹ̀, kò sì yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà títí ó fi kú. Síbẹ̀ ó jókòó ti àwọn àgbà. Ó tẹ́tí sí òwe, ó wo bí a ti ń sin òkú, bí ọmọdé ti ń kí àgbà, bí alágbẹ̀dẹ àti agbẹ́gilére ti ń fi sùúrù ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ènìyàn tí ó ní ìtìjú, tí ó ní ọ̀wọ̀, tí ó mọ Ẹlẹ́dàá, ni Olúwa rán òun sí.

Ní ọdún 1925 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní La Reconnaissance Africaine. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí pé ó ju orúkọ lásán lọ. Ọ̀rọ̀ Faransé náà ní ojú méjì. Ojú kan ni ìmoore, ọpẹ́ tí ẹni tí a ṣe lóore ń dá. Ojú kejì ni dídá ènìyàn mọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn pàdé ẹni kan lójú ọ̀nà, tí ó wò ó dáadáa, tí ó wá rí i pé ọmọ ìyá òun ni. Méjèèjì ni Fádà náà ní lọ́kàn. Ó fẹ́ kí òyìnbó dá ọmọ Áfíríkà mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọlọ́run bíi tirẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà má ṣe tijú baba tí ó bí i. Bí mo ti rò ó sí, ìkíní kò lè wà láìsí ìkejì: bí a kò bá dá ènìyàn mọ̀, a kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ń kọ̀wé sínú rẹ̀. Ó fi kálàmù lé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ́wọ́. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, olùkọ́ tí ó wá kọ ìwé Doguicimi tí a tẹ̀ ní ọdún 1938, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ó kàn wá jù, àwa tí a ń sọ Yorùbá, ni Thomas Moulero, ọmọ Kétu. Ẹ rántí pé ní ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, tí ìlú di ahoro. Ogójì ọdún péré lẹ́yìn náà, ọmọ Kétu kan tí ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ àlùfáà ń kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Fádà Aupiais, ó ń to orúkọ àwọn Alákétu àti ìtàn odi ìlú náà kí ó má baà parun. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1928, ọjọ́ àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà Wúńdíá, Bíṣọ́ọ̀bù Steinmetz fi Thomas Moulero joyè ní Ouidah: òun ni ọmọ ilẹ̀ Dàhòmì àkọ́kọ́ tí ó di àlùfáà. Lẹ́yìn èyí ó tún kọ ìtàn Ṣábẹ. Ẹni tí ó bá ń wádìí ìtàn Kétu lónìí, ìwé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí.

Àwọn àgbà tún máa ń ròyìn bí Fádà Aupiais ti ń ṣe àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa ní Àjàṣẹ́. Ó jẹ́ kí àwọn Amòye mẹ́ta wá bí ọba ilẹ̀ wa ti ń wá, pẹ̀lú aṣọ ilẹ̀ wa, pẹ̀lú ìlù àti orin tiwa, láti wólẹ̀ fún Ọmọ tí a bí. Lójú wa lónìí, kò sí ohun ìyanu nínú rẹ̀. A ń lu ìlù nínú Mísà, a ń jó gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan bí ogójì ọdún kí Àpéjọ Vatican kejì tó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀.

Ní ọdún 1926 ó padà sí ilẹ̀ Faransé. Ó kó iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn wa dání, ó ń fi wọ́n han àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ó ń ṣàlàyé pé orí tí ó pé ni ó ṣe irú nǹkan báyìí. Ní ọdún 1928 wọ́n fi í ṣe ọ̀gá fún ẹ̀ka Lyon ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó sì tún padà wá sí Dàhòmì, ẹ̀rọ sinimá ni ó mú wá. Albert Kahn, olówó kan ní Paris, ni ó san owó rẹ̀, Frédéric Gadmer ni ó sì ń ya àwòrán. Ní ọdún 1930 wọ́n ya iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì ya ẹ̀sìn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọba, àwọn olórìṣà, ijó àti ìsìnkú.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ìjọ kò fẹ́ kí àlùfáà máa fi àwòrán ẹ̀sìn ìbílẹ̀ hàn ní gbangba láìbu ẹnu àtẹ́ lù ú. Yàtọ̀ sí èyí, ó ti ń sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Faransé lòdì sí iṣẹ́ túláàsì, èyí tí ìjọba ń fi ipá kó àwọn ènìyàn wa ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ iṣẹ́ túláàsì. Ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu tiwọn. Kò sọ pé kí ìjọba Faransé kúrò nílẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ ìgbà tirẹ̀ ni. Ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sì dákẹ́. Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó padà sí Dàhòmì mọ́. Ó tẹrí ba gẹ́gẹ́ bí àlùfáà tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbọràn. Ó ń kọ̀wé, ó ń kọ́ni, ó sì ń gba àwọn ọmọ wa tí wọ́n bá wá kàwé ní òkè òkun mọ́ra bí baba.

Níhìn-ín ni mo ti máa ń ronú nípa ìjọ tiwa. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A ń pa òwe yìí fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé àlùfáà wa lọ sí ìjọ mìíràn, ẹni mélòó ni ó máa ń kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Katikísítì tí ó ti fi kẹ̀kẹ́ rìn láti abúlé dé abúlé fún ọgbọ̀n ọdún, nígbà wo ni a ń rántí pé ó ní ẹnu tí ó fi ń jẹun? A mọ ìsìnkú ṣe, a mọ aṣọ ẹgbẹ́ rà fún un. N kò yọ ara mi sílẹ̀ nínú èyí: àlùfáà tí ó kọ́ mi ní èdè Látìn gbé ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ kí i.

Ní ti àwọn ọmọ Dàhòmì, wọ́n gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ìjọba Faransé pe ìgbìmọ̀ kan jọ tí yóò kọ ìwé òfin tuntun, ó sì gbà fún ìgbà àkọ́kọ́ kí àwọn ilẹ̀ wa rán aṣojú lọ. Dàhòmì àti Tógò ni wọ́n so pọ̀ fún ìbò náà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1945. Ọ̀nà méjì ni ìbò náà pín sí: ọ̀kan fún àwọn tí wọ́n ní ìwé ọmọ ìlú Faransé, ọ̀kan fún díẹ̀ nínú àwọn tí kò ní i. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ọlọ́jà wa kò ní ìbò rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé Àjàṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn ti jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé-ẹ̀kọ́ Fádà Aupiais, ronú kan ẹni tí wọn kò fi ojú rí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ síwájú, ó sì wọlé ní ọ̀nà kìíní. Sourou-Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́ tí Fádà náà ti ṣe baba fún, ni ó wọlé ní ọ̀nà kejì. Ẹ wo ọmọ àti baba tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé ìgbìmọ̀ kan náà! Apithy yìí náà ni ó wá di Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1964.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì mọ́ Fádà Aupiais wá ṣí. Gẹ́gẹ́ bí aṣojú-ṣòfin, kò sí ẹni tí yóò tún sọ fún un pé kí ó má wá bẹ àwọn tí ó rán an níṣẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1945 náà, kí ó tó rí ààyè rìn ìrìn àjò náà, ó kú ní Paris. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Àjàṣẹ́ mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1946, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn án sí ṣe òfin tí ó fi òpin sí iṣẹ́ túláàsì ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Faransé. Ìjókòó rẹ̀ ti ṣófo. Nígbà tí ìjọ kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Kùtọ́nù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àwọn sinimá tí ó fa wàhálà fún un kò ṣègbé: wọ́n wà ní ìpamọ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albert Kahn lẹ́bàá Paris. Sinimá aláìlóhùn ni wọ́n, a kò lè gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ. Ṣùgbọ́n a ń rí ojú wọn, àwọn baba wa àgbà àti àwọn ìyá wa àgbà, bí wọ́n ti rí ní ọdún 1930, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ náà.