Georges Vezina: Aṣọ́lé Tí Kò Pa Iṣẹ́ Jẹ

Bí a bá dárúkọ họ́kì ní ilẹ̀ wa, orí pápá ni ọkàn ẹni máa ń lọ. Ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí òtútù ti ń sọ omi odò di yìnyín gbagidi, orí yìnyín náà ni wọ́n ti ń gbá a. Bàtà tí irin tín-ín-rín bí abẹ wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, rọ́bà líle pẹlẹbẹ ni wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá dípò bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀ ni Georges Vezina ti ṣọ́lé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọdún 1887 ni a bí i ní ìlú Chicoutimi, ní ẹkùn Quebec. Ní oṣù kejì ọdún 1910, ẹgbẹ́ Canadiens ti Montreal wá bá àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ṣeré, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì yà wọ́n lẹ́nu. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Èdè Faransé ni ó ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí eré kò bá sí, Chicoutimi ni ó ń padà sí, níbi tí ó ti ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú awọ ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú onílùú yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Títí di oṣù kìíní ọdún 1918, òfin kò gba aṣọ́lé láyè láti ṣubú lulẹ̀ kí ó tó dá rọ́bà dúró. Ìdúró ni Vezina fi ń ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi apálá tí a ń jẹ wé ẹni tí ọkàn rẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Apálá Chicoutimi. Orúkọ náà lè pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oríkì iyì ni. Ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ Stanley ní ọdún 1916 àti 1924.

Ní gbogbo àkókò yìí, kò pa ìdíje kan jẹ: 328 nínú líìgì, 39 nínú ìdíje àṣekágbá, léraléra.

Ní ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 1925, ẹgbẹ́ Pittsburgh wá sí Montreal. Ibà ti mú Vezina gan-an, síbẹ̀ ó wọṣọ eré. Abala mẹ́ta ni wọ́n ń pín eré náà sí. Ní abala kìíní, ẹnikẹ́ni kò gbá rọ́bà wọlé rẹ̀. Nígbà ìsinmi, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣubú. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹnìkan ti dá a dúró kí ó tó wọ bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ikọ́ ife ni àwọn dókítà rí lára rẹ̀, kò sì sí oògùn rẹ̀ nígbà náà.

Ó padà sílé, sí Chicoutimi. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1926, lẹ́ni ọdún 39.

Àwọn olówó ẹgbẹ́ Canadiens fi ife ẹ̀yẹ kan sọrí rẹ̀, fún aṣọ́lé tí ó bá ta yọ jù lọ́dọọdún. George Hainsworth, ẹni tí ó bọ́ sí ipò Vezina nínú ẹgbẹ́ náà, ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ọdún mẹ́ta tẹ̀léra ni ó fi gbà á.